Ohùn Bàbá àti Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta

Ọjọ́ Àìkú kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi wọ káà ilẹ̀, ọjọ́ tí a so yìgì Ràlíá ní agbolé wa ní Òwu. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ara mi tún ti ń gbóná. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ nílẹ̀, ìbínú rẹ̀ á rọ̀. Tèmi kò rọ̀. Ó ń dàgbà ni, ó kù díẹ̀ kó hu irùngbọ̀n.

Bàbá wa ta páànù títí wọ́n fi darúgbó, wọ́n sì fẹ́ ìyàwó mẹ́ta. Ìyáálé jẹ́ ọmọ Ìbarà, ìyàwó kejì wá láti Kọ́bapẹ́, ìyá tèmi ni wọ́n fẹ́ gbẹ̀yìn. Àwọn ìyá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dàgbà nínú ilé olórogún mọ̀ pé ìyá lè kú kí ìdí igi má kú. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà pátápátá ló ń ṣojú ìdí Ìbarà. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, kò tíì lọ sí Mẹ́kà, ṣùgbọ́n lónìí, ẹni tó bá dárúkọ rẹ̀ láìfi Àlàájì síwájú ń wá ẹjọ́, nítorí náà Àlàájì ni n ó máa pè é. Àlàájà ló ń ṣojú ìdí Kọ́bapẹ́, òun ló ń ta ẹja inú yìnyín létí títì níbẹ̀. Èmi ni mo ń ṣojú ìdí tiwa. Kì í ṣe pé mo gbọ́n, àwọn tó ṣáájú mi ló ti kú. Ó sì yẹ kí n máa fi "wọ́n" pọ́n àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì lé bí mo ṣe ń fi í pọ́n Bàbá lé, ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n máa lo "ó" lọ.

Èmi ni wọ́n gbà pé mo mọ kọ̀ǹpútà jù nínú ẹbí. Ìdájí ni mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi iṣẹ́ mi ní Èkó, ohun tí mo sì ń ṣe níbẹ̀ kò ju kí n máa tẹ ìwọ̀n ẹrù àwọn oníbàárà sínú kọ̀ǹpútà lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni àwọn àwòrán inú fóònù Àlàájà pòórá, mo fi ìka yí i lọ yí i bọ̀, wọ́n yọjú. Èmi fúnra mi ò mọ ohun tí mo tẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti sọ mí di ọ̀jọ̀gbọ́n, èmi náà ò sì já wọn nírọ́.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá jókòó, pálọ̀ mi ni wọ́n máa ń wá lọ́sàn-án. N ó gbé kọ̀ǹpútà sí iwájú wọn, n ó tan ibi tó ń gba ohùn sílẹ̀, Bàbá á sì máa sọ̀rọ̀: bí wọ́n ṣe ra ilẹ̀ agbolé wa, ẹni tó kọ́ yàrá tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé, bí a ṣe tan mọ́ àwọn tí a kàn ń kí lójú ọ̀nà. Ràlíá sábà máa ń wà ní ẹsẹ̀ wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ìyá rẹ̀ kú nígbà tí wọ́n bí i, bàbá rẹ̀ sì wà ní Kánò pẹ̀lú ìdílé mìíràn. Ọwọ́ Bàbá ló dàgbà sí. Wọ́n fún un lóúnjẹ, wọ́n mú un lọ sí ilé kéwú, wọ́n jókòó tì í nígbà tó ń ṣe ìdánwò. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ní kí n sún ẹ̀rọ náà mọ́ àwọn.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe àdúrà ìgbéyàwó ọmọ yìí sílẹ̀," ni wọ́n wí. "Èmi àti ọjọ́ náà lè má pàdé."

Wọ́n ṣe àdúrà náà. Àwọn àti ọjọ́ náà kò sì pàdé lóòótọ́.

Lẹ́yìn fìdáù, a ṣe ìpàdé ẹbí ní pálọ̀ mi. Mo sọ fún wọn pé inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ni gbogbo ohùn Bàbá wà, pé ẹ̀rọ máa ń kú bí èèyàn, kí a wá sọ́fúwíà tí yóò ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ fún wa, tó bá di ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà bàjẹ́, kí ó lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ká ní mo dákẹ́, mo rọra ṣe é nínú yàrá mi, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun ẹbí ni, mo fẹ́ ṣe dáadáa. Mo ti ń yẹ àwọn sọ́fúwíà náà wò fún ọjọ́ bíi mélòó kan, mo sì yan mẹ́ta tí mo fẹ́ kí wọ́n mú ọ̀kan nínú rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wù mí jù. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò da gbogbo fáìlì kọ sínú háàdì, àpótí kékeré dúdú kan tí a lè mú dání. "Kò ní wàhálà kankan," mo ní. "Ẹnikẹ́ni tó bá so háàdì yìí mọ́ kọ̀ǹpútà èyíkéyìí, á rí gbogbo rẹ̀." Mo rò pé mò ń yìn ín ni.

"Ẹnikẹ́ni?" ni Àlàájì wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Ẹnikẹ́ni bíi ta ni?" Kò wò mí bó ṣe ń bèèrè é. Àlàájà ló ń wò.

Ibẹ̀ ni mo ti yẹ kí n mọ̀ pé ìpàdé náà kì í ṣe ìpàdé kọ̀ǹpútà mọ́. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ni pé Bàbá sọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ nínú ohùn náà. Ẹnì kan sì ti gbọ́ níbì kan pé àwọn oníṣẹ́ ìbàjẹ́ lè gé ohùn èèyàn, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí òkú máa sọ ohun tí kò sọ láyé. Ìdí kọ̀ọ̀kan wá ń bẹ̀rù pé ìdí kejì á gbé ohùn Bàbá lọ gé. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní in lórí fóònù. Wọ́n gbé Kùránì fún mi, wọ́n mú mi búra pé n kò ní fi ránṣẹ́ sí ẹnì kankan láti inú kọ̀ǹpútà mi. Mo búra. Inú bí mi, àmọ́ mo búra.

Mo bọ́ sórí èkejì, èyí tó máa ń kó ẹ̀dà lọ sí orí íńtánẹ́ẹ̀tì.

"Ta ló ni ibi tí ó ń kó o lọ?" Àlàájà bèèrè.

"Ilé iṣẹ́ kan ní òkè òkun ni."

"Ṣé o mọ ilé wọn?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé o mọ bàbá wọn?"

"Rárá, Àlàájà."

"O wá fẹ́ lọ gbé bàbá tiwa fún wọn."

Bí èkejì ṣe kú nìyẹn. Ó ku ẹ̀kẹta, èyí tí mo mú wá láti fi kún iye lásán. Owó ni wọ́n fi ń rà á. Yóò fún gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà pọ̀ di ẹyọ kan, yóò kó o sínú háàdì, yóò sì fi páswọ́ọ̀dù tì í pa. Bí mo ṣe sọ pé ó ń tì í pa báyìí, Àlàájì nà tán lórí àga.

"Ó ní àgádágodo?"

"Ó ní i, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ ti gbọ́. Ó ní àgádágodo."

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ àgádágodo ṣe jẹ́ ní ilé wa. Bàbá ní àpótí irin kan nínú yàrá wọn, inú rẹ̀ ni ohun ẹbí máa ń wà. Nígbà tí àwọn ìyá wa ń fura síra wọn, Bàbá ní kí ayédèrú má bàa wọ̀ ọ́, wọ́n fi àgádágodo mẹ́ta sí i, ìdí kọ̀ọ̀kan mú kọ́kọ́rọ́ kan. Bí ẹnì kan kò bá sí níbẹ̀, àpótí kò ní ṣí. Bí a ṣe bá a nìyẹn, ìjà kankan ò sì ṣẹlẹ̀ lórí àpótí náà rí. Àlàájì dìde, ó ní ohun tí Bàbá fi sílẹ̀ ni ká tẹ̀ lé, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo ní páswọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ ń gbà. Àlàájà ní ká pín in sí mẹ́ta, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tẹ̀ lé ti èkejì, kí ẹnì kankan má sọ tirẹ̀ síta. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́, èmi náà rò pé ọgbọ́n ńlá ni.

Ẹ wá wo bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń tẹ páswọ́ọ̀dù. Àlàájì tẹ́ apá agbádá rẹ̀ bo bọ́tìnnì, ó ń fi ìka kan wá lẹ́tà lábẹ́ aṣọ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tó kan Àlàájà, ó ní kí gbogbo wa kọjú sí ògiri. Mo kọjú sí ògiri nínú pálọ̀ ara mi. Èmi náà tẹ tèmi. Ẹ̀rọ ní ká tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì kó lè dá a lójú, a tún bẹ̀rẹ̀, agbádá, ògiri, gbogbo ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kọ ìkìlọ̀ kan síta, mo túmọ̀ rẹ̀ sókè: bí a bá gbàgbé páswọ́ọ̀dù yìí, kò sí ẹni tó lè ṣí i láyé, àwọn tó ṣe sọ́fúwíà náà gan-an kò lè ṣí i.

"Ìyẹn gan-an la fẹ́," ni Àlàájì wí. Mo tẹ̀ ẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni.

A fi háàdì náà sínú àpótí irin, a fi àgádágodo mẹ́ta tì í. Láti ìgbà tí a kírun Àísárì tán títí ilẹ̀ fi ń ṣú, ọ̀rọ̀ tí a ń sọ ni ẹni tí kò ní lè ṣí i. Kò sí ẹni tó bèèrè bí a ó ṣe ṣí i. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n náà kò rántí pé ká dán an wò lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀rọ̀ náà lọ sùn. Àlàájì lọ sí Mẹ́kà, ó dé. Ó ra ọkọ̀. Ọkọ̀ náà kò ráyè ní agbolé, ó bá ní kí wọ́n gé igi máńgòrò tó wà níwájú ilé. Ìyá Àlàájà ló gbin igi yẹn. Àlàájà wá láti Kọ́bapẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó bá kùkùté nílẹ̀, ó sì bú Àlàájì lójú àwọn ará àdúgbò pẹ̀lú gbogbo oyè tuntun tó mú bọ̀. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi tí a wà nìyẹn nígbà tí Ràlíá rí ọkọ. Ó wá bá mi nílé, ó kúnlẹ̀, ó ní òun ò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹbí, kí a sáà jẹ́ kí òun gbọ́ àdúrà Bàbá lọ́jọ́ yìgì, kí ohùn wọn wà níbẹ̀. Mo ní ṣé ìyẹn ni ọ̀rọ̀ tí o ń kúnlẹ̀ sí? Ó ti di ṣíṣe.

Ọ̀sẹ̀ yìgì gan-an ni iná tí a ti ń retí wá dé. Ó dé tìbínú-tìbínú. Gílóòbù bú, fáànù kígbe, èéfín sì rú jáde lẹ́yìn kọ̀ǹpútà mi. Mo gbé e lọ fún ẹni tó ń tún wọn ṣe ní Ìbarà, ó ṣí i, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dé e padà. Ó ní ibi tí nǹkan máa ń wà nínú rẹ̀ ti jóná, kò sí ohun tí a lè yọ níbẹ̀. Ó wò mí bí ẹni fẹ́ kí mi kú àṣẹ̀yìndè, mo bá bú sẹ́rìn-ín. Mo ní má ṣèyọnu, a ti ṣe ẹ̀dà. Mo ra kọ̀ǹpútà mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi sọ́fúwíà náà sí i, mo sì ń súfèé lọ sílé.

Mo yà sọ́dọ̀ Àlàájì lọ́nà. Ó ń ka ìwé ìròyìn.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ ti bàjẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ sí i fún mi kí n lè dá ohùn Bàbá padà."

"Bí mo bá sọ ọ́ fún ọ, ṣé kọ́kọ́rọ́ ṣì ni?"

"Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ fúnra yín, nígbà náà. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ọ̀la."

"Ṣé ẹni yẹn máa wà níbẹ̀?" Kò dárúkọ rẹ̀. "Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Kó kọ́kọ́ wá bẹ̀ mí."

Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Kọ́bapẹ́. Àlàájà wà nídìí fìríìsà, ó ń fi àáké gé ẹja. Àáké náà kò dúró bí mo ṣe ń kí i.

"Igi ìyá mi ló gé kó lè rí ibi gbé ọkọ̀ sí," ló wí. "Ọkọ̀ tí kì í jáde."

"Àlàájà, ọ̀rọ̀ Ràlíá ni mo bá wá."

"Mo fẹ́ràn Ràlíá, mo máa wá sí yìgì rẹ̀. Ọjọ́ yẹn nìkan ni n ó fojú kan ọkùnrin náà. Tí o bá fẹ́ kí n tẹ nǹkan, ọjọ́ yẹn ni kí o gbé e wá."

Mo padà sílé pẹ̀lú ìbínú tí n kò rí ẹni gbé e fún. Èmi tí mò ń jí ní ìdájí, tí mò ń tún gbogbo ẹ̀rọ wọn ṣe, tí wọ́n fi Kùránì mú bí olè, èmi náà ni mò ń tọ wọ́n kiri. Nígbà tí Ràlíá pè mí, mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ó ní ọkàn òun balẹ̀, ṣebí mo ní a ti ṣe ẹ̀dà.

Ọjọ́ Àìkú dé. Àwọn àáfà ti ń jókòó síta lábẹ́ àtíbàbà, àwọn àna ti ń wọlé, àwa mẹ́ta sì wà nínú yàrá Bàbá níwájú àpótí irin. Mo ṣí àgádágodo tèmi. Àlàájà ṣí tirẹ̀. Àlàájì wá inú àpò, ó wá abẹ́ fìlà, ó ní ó ní láti jẹ́ pé Mẹ́kà ni kọ́kọ́rọ́ òun bọ́ sí. A pe mẹkáníìkì tó wà lójúde, ó wá pẹ̀lú òòlù, ó fi lù ú ṣí. Mo rò pé wàhálà ọjọ́ náà ti tán síbẹ̀.

Mo so háàdì mọ́ kọ̀ǹpútà. Sọ́fúwíà náà rí ẹ̀dà wa lójú ẹsẹ̀, ó ní kí a tẹ páswọ́ọ̀dù. Àlàájì na agbádá bò ó.

"Sọ fún un kó sún kúrò lẹ́yìn mi," ó wí fún mi.

"Sọ fún un pé kì í ṣe òun ni mo ń wò," Àlàájà wí fún èmi kan náà. Wọn ò jìnnà síra wọn ju apá kan lọ.

Wọ́n tẹ̀, mo tẹ̀. Ẹ̀rọ ní kì í ṣe òun nìyẹn. A tún un tẹ̀. Ó tún kọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta ni mo wá ṣàkíyèsí pé ìka Àlàájì ti ń pẹ́ jù lábẹ́ aṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bó ṣe gùn tó yìí náà ló gùn tó tẹ́lẹ̀?"

"Kí ló fẹ́ jẹ́ kó gùn sí i? Orúkọ mi ni."

Agbádá yẹn, gbogbo ìfarapamọ́ yẹn, orúkọ ara rẹ̀ ló tẹ̀. Àlàájà gbàgbé pé òun ò bá a sọ̀rọ̀.

"Ṣé ẹ fi Àlàájì síwájú rẹ̀?" ó bi í.

"Kí ni kí n fi síwájú rẹ̀?"

"Ẹ ò tíì lọ sí Mẹ́kà nígbà yẹn."

Àlàájì yọ oyè rẹ̀ kúrò, ó tún orúkọ náà nìkan tẹ̀, kò sì fi agbádá bò ó mọ́. Inú mi dùn. Àlàájà tẹ tirẹ̀, mo tẹ tèmi, mo fọwọ́ lu bọ́tìnnì náà bí ẹni lu orí ìjàpá. Ẹ̀rọ ní rárá.

Mo yíjú sí Àlàájà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé èyí tí ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ náà lẹ tẹ̀?"

"Èyí tuntun ni mo tẹ̀."

"Tuntun báwo?"

"Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò pé bí ìwọ àti èèyàn rẹ bá jà, kí o pààrọ̀ páswọ́ọ̀dù rẹ. Ọjọ́ tó gé igi ìyá mi ni mo ti pààrọ̀ tèmi."

"Inú àpótí ni háàdì wà, Àlàájà. Níbo lẹ ti pààrọ̀ rẹ̀?"

"Nínú ọkàn mi."

Mo bi í pé èyí àtijọ́ ńkọ́. Ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀, òun mọ̀ọ́mọ̀ gbàgbé rẹ̀ ni, ta ló máa ń pààrọ̀ àgádágodo tó tún máa ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ti tẹ́lẹ̀? Ó sì bi mí bí ẹni tó fẹ́ kí n dá òun lóhùn.

Mo pariwo. N kò pariwo mọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n mi rí láyé mi, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, àwọn àna tó wà lábẹ́ àtíbàbà gbọ́ mi. Àlàájì ní kí n má pariwo, òòlù ṣì wà nílẹ̀, kí n ṣe é bí a ṣe ṣe tòun. Mo ní òòlù kò ràn án. Ó ní kí n pe àwọn tó ṣe é, kí n ṣàlàyé fún wọn pé ọmọ bàbá kan náà ni wá. Mo rán an létí ìkìlọ̀ tí mo túmọ̀ fún wọn, àti ẹni tó ní ìyẹn gan-an la fẹ́. A tẹ orúkọ ìyá Àlàájà, a tẹ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a tẹ Kọ́bapẹ́, a tẹ orúkọ ẹja. Àáfà àgbà ránṣẹ́ wọlé pé àwọn ní yìgì mìíràn lẹ́yìn èyí.

Ibẹ̀ ni Ràlíá wọlé. Ó ti múra tán, aṣọ funfun ló wọ̀. Ó wo ojú wa, ó wo kọ̀ǹpútà. Àlàájì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú. Ṣebí àdúrà ni? Èmi ni mo wà nípò Bàbá, n ó ṣe é fún ọ."

"Ta ló fi yín sípò Bàbá?" ni Àlàájà wí. "Èmi ni n ó ṣe é."

Ní tòótọ́, ọmọ náà dúró síbẹ̀, wọ́n ń du ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbàdúrà. Ràlíá dúró títí wọ́n fi rí i pé kò wo ẹnì kankan nínú wọn.

"Mo mọ àdúrà yẹn," ó wí jẹ́jẹ́. "Èmi ni mò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún Bàbá nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ sórí. Ohùn wọn ni mo fẹ́ gbọ́." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ ká jáde, wọ́n ń dúró dè wá."

A tẹ̀ lé e jáde. Wọ́n so yìgì náà, àdúrà pọ̀ níbẹ̀, àwọn àáfà ṣe é dáadáa. Èmi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò le láti sọ. Bí ẹ bá fẹ́ yan sọ́fúwíà tí yóò ṣe ẹ̀dà ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yín, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè bó ṣe ń tì í pa, bí yóò ṣe dá a padà ni kí ẹ bèèrè. Kí ẹ sì dán an wò lọ́jọ́ tí ara bá yá, kó tó di ọjọ́ tí àwọn àna bá wà níta. Tèmi, gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà mi báyìí wà ní ibi méjì, páswọ́ọ̀dù kan ló ní, ìyàwó mi sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní mo ti sọ kọ́kọ́rọ́ di yẹpẹrẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn méjèèjì ṣì ń wá. Lóṣooṣù ni Àlàájà máa ń pè pé ọ̀rọ̀ kan tún sọ sí òun lọ́kàn, Àlàájì á sì wá tẹ orúkọ rẹ̀ síwájú, àwọn tí kì í kíra wọn á wá jókòó tira wọn ní pálọ̀ mi, wọ́n á jẹ oúnjẹ mi, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á máa sọ pé rárá. Kò sí ohun tó ṣe háàdì náà. Sọ́fúwíà náà kò já wa kulẹ̀ rárá, ohun tí a bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ló ń ṣe títí dòní: kò sí ọmọ Bàbá kankan tó lè jí ohùn Bàbá gbọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Èmi náà ń rín in, ṣùgbọ́n bí Ràlíá bá ti kan ilẹ̀kùn, mo máa ń sáré gbé háàdì náà kúrò lórí tábìlì.